Kókó Inú Àtẹ́lẹwọ́ Ọmọ́níkẹ́

Ní àyíká Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, nígbà tí ibẹ̀ ṣì jẹ́ abúlé tí igbó yí ká, bí obìnrin kan bá fẹ́ dirí tí yóò pẹ́ lórí, ilé Ọmọ́níkẹ́ ni wọ́n máa ń júwe fún un. Àwọn kan ń ti Mushin wá. Àwọn ìyàwó akọ̀wé ń ti Yábà rìn wá, wọ́n á gba ọ̀nà ẹsẹ̀ Ojú Ẹlẹ́gbà kọjá kí oòrùn tó mú. Ọwọ́ Ọmọ́níkẹ́ yá, kì í sì í dunni lórí. Kòlẹ́sẹ̀ ni o, ṣùkú ni o, ìpàkó ẹlẹ́dẹ̀ ni o, bó bá ti fi òòyà la ààlà, ààlà náà á gún bí ìgbà tí èèyàn fi okùn wọ̀n ọ́n. Ọmọdé tó máa ń ké bí wọ́n bá fẹ́ dirí fún un á sùn lọ lórí itan rẹ̀.

Ọmọ òṣómàáló ni. Bàbá rẹ̀ ti Iléṣà kiri aṣọ dé Èkó, ó sì dó síbẹ̀. Ní ọdún tí ogun Jámánì parí, àìsàn ikọ́ tó jà yíká ayé wọ ilé wọn. Láàárín ọjọ́ mọ́kànlá, ó mú bàbá, ó mú ìyá. Ó wá ku Ọmọ́níkẹ́, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, àti àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo, Ọláníyì, tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ. Àwọn ẹbí ní kí wọ́n mú ọmọ náà padà sí Iléṣà kó lọ máa ṣoko. Ọmọ́níkẹ́ kọ̀ jálẹ̀. Ó ní bàbá àwọn ti fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní ilé-ìwé, ilé-ìwé náà ló sì máa lọ.

Irun dídì ló fi tọ́ ọ. Ọkùnrin káfíńtà kan wá fẹ́ ẹ, èèyàn dáadáa, ṣùgbọ́n ó ní òun kò lè gbé ìyàwó kí òun tún gbé àbúrò ìyàwó. Ọmọ́níkẹ́ ní kó máa lọ ní àlàáfíà. Nígbà tí àwọn mìíràn fi máa wá, ọjọ́ ti lọ, òun náà kò sì fi bẹ́ẹ̀ wá a mọ́. Ọláníyì jáde ìwé, ó di akọ̀wé ní iléeṣẹ́ òyìnbó kan tó ń ra èkùrọ́ ní Ìddó. Níbẹ̀, orúkọ òyìnbó rẹ̀ ni wọ́n fi ń pè é, Místà Sylvester. Ní àárọ̀ ọjọ́ tó kọ́kọ́ wọ ṣòkòtò funfun lọ síbi iṣẹ́, Ọmọ́níkẹ́ dúró wò ó títí igbó fi gbà á lójú rẹ̀.

"Ojú mi ló ń lọ yẹn," ló sọ fún Sìmíátù, aládùúgbò rẹ̀, ọmọ Mushin tó ń ta òwú àti òòyà. "Mi ò mọ̀wé, àmọ́ mo ní ẹni tó mọ̀ ọ́n."

Ìparí ọdún 1932 ni Ọmọ́níkẹ́ fọwọ́ kan nǹkan kan ní ìdí àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, nínú ẹran àtẹ́lẹwọ́ níbi tó ti ki. Ó dà bí ẹyọ ẹ̀wà kan tó há sábẹ́ awọ. Kò dùn ún rárá. Ó rò pé iṣẹ́ ló fà á, pé ibi tí òòyà ti máa ń tẹ̀ ẹ́ ló le. Nígbà tí ọdún Àjíǹde fi máa dé, ó ti tó èkùrọ́. Àwọn oníbàárà ní ẹ̀gún ló wọ̀ ọ́ tí kò mọ̀, pé kó máa fi òrí gbígbóná ra á. Ó fi ra á títí. Kókó náà kò lọ, kò sì dùn ún, ìyẹn gan-an ló ń ba Sìmíátù lẹ́rù.

"Ohun tó bá ń dunni, èèyàn mọ̀ pé ó ń bá òun jà," ni Sìmíátù wí. "Èyí tó wá jókòó sílé onílé tí kò fọhùn, kí ló ń wá? Ọmọ́níkẹ́, lọ sí ọsibítù."

Ọláníyì fúnra rẹ̀ ló mú un lọ. Wọ́n rìn dé Yábà, wọ́n wọ ọkọ̀ ojú irin dé Ìddó, wọ́n sì fẹsẹ̀ gba orí afárá kọjá sí Erékùṣù. Dókítà tó dá wọn lóhùn jẹ́ ọmọ Èkó, Dókítà Ọláolú, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í kánjú sọ̀rọ̀. Ó gba ọwọ́ náà, ó tẹ kókó náà síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó ní kó ká ìka, kó na ìka. Ó fi abẹ́rẹ́ fà á wò: omi kò jáde, ọyún kò jáde. Ó wá ti fèrèsé, ó sì gbé iná tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀gbẹ́ kókó náà. Ìmọ́lẹ̀ kò là á já.

"Ká ní omi ló wà nínú ẹ̀ ni, ì bá mọ́lẹ̀ bí gíláàsì," ló wí. "Ẹran ni. Ẹran tó ń hù níbi tí kò ti yẹ kó hù. Mo ti rí irú ẹ̀ lórí itan, mo ti rí i lẹ́yìn orúnkún, ẹ̀ẹ̀mejì péré ní gbogbo ọdún tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Nínú àtẹ́lẹwọ́, mi ò rí i rí."

"Ṣé ó burú ni, Dókítà?"

"Ojú lásán ò lè mọ̀ ọ́n. Púpọ̀ nínú ohun tó ń wú lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ kì í ṣe nǹkan tó ń pani. Màá yọ ọ́, a ó sì gbé e lọ sí ilé àyẹ̀wò ní Yábà kí wọ́n fi ẹ̀rọ wò ó. Bí kò bá yé wọn, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí òkè òkun. Ó lè tó oṣù mẹ́ta kí èsì tó dé. Bó bá dé, a ó kọ lẹ́tà sí yín. Ibo ni ká kọ ọ́ sí?"

Kò sí ẹni tó ń pín lẹ́tà dé Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó nígbà náà. Ọmọ́níkẹ́ wo àbúrò rẹ̀, inú rẹ̀ dùn. "Ẹ kọ ọ́ síbi iṣẹ́ rẹ̀," ló wí. "Tó bá ti dé ọwọ́ rẹ̀, ó ti dé ọwọ́ mi."

Wọ́n yọ kókó náà. Ó funfun, ó sì yi bí inú àgbọn. Dókítà fi í sínú ìgò kan tí wọ́n bu oògùn sí kó má bàa jẹrà. Ojú ọgbẹ́ jinná láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Ọmọ́níkẹ́ sì padà sídìí iṣẹ́.

Ní gbogbo àkókò yìí, Ọláníyì ti ń fẹ́ ọmọbìnrin Ìjẹ̀bú kan, Mabel, tí bàbá rẹ̀ kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sí Yábà. Ìdílé náà jẹ́ ìdílé tó mọ iyì ara rẹ̀. Kí wọ́n tó dá ọkọ ọmọ lóhùn, wọ́n rán èèyàn lọ wádìí. Wọ́n béèrè bóyá wèrè wà ní ìdílé wọn, bóyá ẹ̀tẹ̀ wà níbẹ̀, bóyá àrùn tó ń jẹ èèyàn run wà níbẹ̀. Ọ̀nà méjì ni wọ́n gbà béèrè: wọ́n bi Ọláníyì, wọ́n sì ránṣẹ́ dé Iléṣà. Ọmọ́níkẹ́ gbọ́ sí i, kò bínú. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ fa ọmọ rẹ̀ lé ni lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ wo ọwọ́ náà dáadáa.

Ní ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù Keje, Ọláníyì wọlé pẹ̀lú búrẹ́dì lábẹ́ abíyá. "Ẹ̀gbọ́n mi," ló wí, "lẹ́tà ọsibítù ti dé. Wọ́n ní ẹran lásán ni. Wọ́n ní kò sí nǹkan kan."

Ọmọ́níkẹ́ kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó dúpẹ́. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó jó, ó mú àkùkọ kan nínú àwọn adìẹ rẹ̀, ó pa á, ó sì gbé ẹsẹ̀ kan ránṣẹ́ sí Sìmíátù. Ọláníyì kò jẹun púpọ̀ lọ́jọ́ náà. Ó ní orí ń fọ́ òun.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, ojú àpá náà bẹ̀rẹ̀ sí í ki. Ọmọ́níkẹ́ na ọwọ́ sí àbúrò rẹ̀. Ọláníyì dì í mú, ó fi àtàǹpàkò tirẹ̀ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀.

"Àpá ni, ẹ̀gbọ́n mi. Àpá máa ń yi bẹ́ẹ̀."

"Ṣé kí n tún lọ fi han Dókítà?"

"Kí lẹ ń wá lọ? Ṣé wọn ò ti kọ̀wé ni? Ọ̀nà náà jìn, ẹ sì níṣẹ́ lọ́wọ́."

Ó gbà. Ta ni yóò gbà gbọ́ bí kò bá gba tirẹ̀ gbọ́?

Wọ́n fi ìgbéyàwó sí ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn Àjíǹde ọdún 1934. Ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú rẹ̀, Mabel wá jókòó láàárín ẹsẹ̀ Ọmọ́níkẹ́ kó lè dirí ìyàwó fún un. Ṣùkú ló dì fún un. Iṣẹ́ tó máa ń parí kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná gbà á di ìrọ̀lẹ́. Àtàǹpàkò rẹ̀ kò fẹ́ ká mọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni òòyà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Àǹtí, ọwọ́ yín ń gbọ̀n," ni Mabel wí.

"Ayọ̀ ni, ìyàwó mi. Gbé orí sílẹ̀."

Nígbà tí òjò oṣù Kẹjọ dáwọ́ dúró, ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti tó ẹyin adìẹ. Ní báyìí, ó ń dùn ún, ìrora náà sì ń gun apá lọ dé ìgúnpá. Kò sọ fún Ọláníyì. Ó ní kí òun má dààmú ọkọ ìyàwó tuntun. Sìmíátù ló fà á lọ sí ọsibítù.

Dókítà Ọláolú rí i lẹ́nu ọ̀nà, ó sì dìde lórí àga. "Màdáámú, ibo lẹ ti wà?"

"Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó ni mo wà, sà."

"A kọ̀wé sí yín, ẹ ò wá. A tún kọ, ẹ ò wá. Nígbà kẹta, ìránṣẹ́ wa ló mú un lọ síbi iṣẹ́ yẹn fúnra rẹ̀."

Ó fa fáìlì kan jáde, ó sì ṣí ìwé ìfilẹ́tàránṣẹ́ sílẹ̀ níwájú rẹ̀, èyí tí ẹni tó bá gba lẹ́tà máa ń fọwọ́ sí. Ọmọ́níkẹ́ kò mọ lẹ́tà kan yàtọ̀ sí èkejì, ṣùgbọ́n ó mọ ìfọwọ́sí tó wà níbẹ̀, pẹ̀lú ìrù gígùn tó yí padà bí ìwọ̀ ẹja. Nígbà tí Ọláníyì ṣì wà nílé-ìwé, èédú ló fi ń kọ́ ọ sára ògiri ilé wọn, òun Ọmọ́níkẹ́ ló sì máa ń fi amọ̀ pa ògiri náà rẹ́.

Dókítà ṣàlàyé fún un, díẹ̀díẹ̀, ó sì ń dúró kí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan yé e kó tó sọ òmíràn. Ó ní irú jẹjẹrẹ kan ni, kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń rí nínú ọyàn. Inú ẹran tó so iṣan mọ́ egungun ló ti ń hù, ó sì ṣọ̀wọ́n débi pé àwọn ti Yábà kò fẹ́ dá a sọ; òkè òkun ni wọ́n ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀.

"Ká ní ẹ wá nígbà tí lẹ́tà kìíní jáde ni," ló wí, "àtàǹpàkò yẹn àti díẹ̀ nínú àtẹ́lẹwọ́ là bá mú. Ẹ̀ bá ṣì ní ìka mẹ́rin. Ní báyìí, ó ti bá iṣan gòkè, ó ti kọjá ọrùn ọwọ́. Òkè ìgúnpá la máa ti gé e. A sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ya fọ́tò àyà yín, ká mọ̀ bóyá kò tí ì débẹ̀."

Sìmíátù ti ń sunkún. Ojú Ọmọ́níkẹ́ gbẹ. "Lẹ́tà mẹ́ta," ló wí. "Ṣé ó dá yín lójú pé mẹ́ta ni?"

Láti orí afárá, ó ní kí Sìmíátù máa lọ sílé. Òun rìn lọ sí ilé Ọláníyì ní Yábà, ní àdúgbò tuntun tí ìjọba là lẹ́yìn tí àrùn eku jà ní Erékùṣù. Oòrùn ṣì wà lókè. Ọláníyì ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé, ó ń jẹun. Mabel, tó ti lóyún, jókòó tì í.

"Ọláníyì, lẹ́tà mélòó ni ọsibítù kọ sí mi?"

Ó gbé ṣíbí sílẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká jáde síta."

"Níbí ni. Mélòó ni?"

Ó dìde kúrò nídìí oúnjẹ. "Mẹ́ta."

"Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?"

"Wọ́n ní kí ẹ máa bọ̀ kíá."

"Kí lo wá sọ fún mi?"

Ó ti dọ̀bálẹ̀. Ẹnu rẹ̀ wà nítòsí ilẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sì jáde dáadáa. "Ọ̀sẹ̀ tí bàbá Mabel ń ṣe ìwádìí lọ́wọ́ ni lẹ́tà náà dé. Orúkọ àrùn náà wà nínú ẹ̀. Bí wọ́n bá gbọ́ pé jẹjẹrẹ wà nínú ẹbí wa, wọn ò ní fún mi. Mo ní kí ìgbéyàwó kọjá ná. Mo ṣáà rí i pé Dókítà ti yọ ọ́. Kókó kékeré ni, ẹ̀gbọ́n mi. Nígbà tó wá pẹ́, mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́ mọ́."

"Mo na ọwọ́ sí ẹ," ni Ọmọ́níkẹ́ wí. "Nígbà ọyẹ́. Mo na ọwọ́ yìí sí ẹ, o dì í mú, o tẹ̀ ẹ́ wò, o ní àpá ni. Ìyẹn ni mo fẹ́ kí o sọ fún mi. Kí lò ń rò nígbà tí o dì í mú?"

Ọláníyì fi iwájú orí kan ilẹ̀.

Mabel ló fọhùn. "Ṣé torí tiwa lẹ ṣe ṣe é?" ló bi ọkọ rẹ̀. "Jẹjẹrẹ ọyàn ló pa ìyá tó bí ìyá mi. Bàbá mi mọ̀. Wọ́n ní a ò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ará ilé yín gbọ́, kí ẹ má bàa sá."

Ọmọ́níkẹ́ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ba àwọn méjèèjì lẹ́rù ju igbe lọ. Ó wo bàtà àbúrò rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó wo aṣọ fèrèsé tí òun fúnra rẹ̀ rà fún wọn. "Ìdílé méjèèjì," ló wí, "ẹ kú ìwádìí o." Ó sì jáde.

Fọ́tò àyà rẹ̀ mọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ gé apá náà, ọsibítù ní kí ìbátan kan fọwọ́ sí ìwé. Ọláníyì ti dé ṣáájú gbogbo èèyàn, ó ti mú pẹ́ẹ̀nì lọ́wọ́. Ọmọ́níkẹ́ wò ó láti orí ibùsùn.

"Kì í ṣe òun," ló sọ fún nọ́ọ̀sì. Ó ní kí wọ́n gbé yíǹkì wá, ó ti àtàǹpàkò ọwọ́ òsì rẹ̀ bọ̀ ọ́, ó sì tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé fúnra rẹ̀.

Nígbà tí ojú rẹ̀ là, ohun tó kọ́kọ́ rò ni pé wọn kò tí ì gé e. Ó mọ ìka rẹ̀ márààrún lára. Wọ́n ń yún un, ó sì dà bíi pé òòyà wà láàárín wọn. Ó wò ó, aṣọ funfun ló rí, tí wọ́n dì dé ibi kan, tí kò sì sí nǹkan kan lẹ́yìn ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ oṣù lẹ́yìn náà, ìka tí kò sí mọ́ yìí ṣì máa ń dirí lójú oorun rẹ̀.

Ó gbìyànjú láti máa fi ẹnu kọ́ àwọn ọmọbìnrin méjì kan níṣẹ́. Wọ́n ṣe é fún oṣù díẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ìka rẹ̀ mọ̀, ẹnu rẹ̀ kò mọ bí yóò ṣe sọ ọ́. Inú ń bí i, àwọn ọmọ ń sunkún, ó sì ní kí wọ́n máa lọ. Sìmíátù ló ní kó wá bá òun jókòó ti òwú àti òòyà ní Mushin. Ibẹ̀ ló wà. Àwọn oníbàárà rẹ̀ àtijọ́ máa ń kọjá, wọ́n á kí i, wọn kò sì mọ ibi tí wọn yóò fojú sí.

Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi, ó ń dúró kọ́ ìwé Yorùbá pẹ̀lú àwọn àgbàlagbà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó pẹ́ kó tó mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ó mọ̀ ọ́n. Nígbà náà ló ránṣẹ́ sí Ọláníyì pé kó kó àwọn lẹ́tà náà wá. Ó ti kó wọn pa mọ́ síbi iṣẹ́, kò ya wọ́n. Ọmọ́níkẹ́ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó tẹ́ ọ̀kan sórí itan, ó sì fi ìka tọ ojú ìlà àkọ́kọ́ lọ. Ó tọ̀ ọ́ títí dé ìparí. Kò sí ọ̀rọ̀ kan tó yé e. Èdè òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́.

Ó ká a, ó gbé e lọ fún tíṣà ṣọ́ọ̀ṣì. Tíṣà ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún un. Wọ́n kúrú, ọ̀rọ̀ inú wọn sì ní ọ̀wọ̀. Èyí tó kẹ́yìn ní Dókítà ń bẹ̀ ẹ́ ni, pé bí ọ̀nà bá jìn fún un, kó ránṣẹ́, àwọn á rán ọkọ̀ wá gbé e. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yìí ló pa á lẹ́kún. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gé apá rẹ̀, kò tí ì sunkún rí, àyàfi ọjọ́ yẹn, lórí bẹ́ńṣì, níwájú tíṣà.

Àwọn àgbà ti Iléṣà wá bẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní ọmọ ìyá ni wọ́n, kò sí ẹni tí ó lè pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀. Ó gbọ́ wọn tán, ó sì fún wọn ní obì. Mabel bí ọmọbìnrin, òun fúnra rẹ̀ ló sì máa ń gbé e wá láti Yábà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ọmọ́níkẹ́ á fi apá kan gbé e, á máa fi àgbọ̀n rẹ̀ ra á lórí. Ọláníyì ń wá ní ọdún tuntun. Ọmọ́níkẹ́ á fún un lóúnjẹ, wọ́n á sọ̀rọ̀ òjò, wọ́n á sọ̀rọ̀ ilé-ìwé ọmọ. Bó bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yẹn, Ọmọ́níkẹ́ á dìde lọ wo ìkòkò.

Àrùn náà kò padà wá. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, òun nìkan ló ń lọ sí Erékùṣù kí Dókítà lè tẹ abẹ́ abíyá rẹ̀ wò, kó sì gbọ́ àyà rẹ̀.

Ní ọdún karùn-ún lẹ́yìn tí wọ́n gé apá rẹ̀, Sìmíátù bi í pé ṣé kò ní fi ọ̀rọ̀ Ọláníyì sílẹ̀ báyìí.

"Mo ti fi í sílẹ̀ tipẹ́," ni Ọmọ́níkẹ́ wí. "Ṣé o rí mi kí n máa bá a jà? Èmi ni mo wẹ̀ ẹ́, èmi ni mo fọ aṣọ rẹ̀, mo mọ bó ṣe ń mí nígbà tó bá ń purọ́, láti kékeré. Lọ́jọ́ búrẹ́dì yẹn, mo gbọ́ ọ. Mo gbọ́ bó ṣe mí, mo sì sọ fún ara mi pé orí ló ń fọ́ ọ." Ó fa fọ́nrán òwú kan, ó fi eyín gé e fún oníbàárà tó dúró. "Èyí tí mi ò tí ì dárí jì nìyẹn. Ìyẹn kì í ṣe tirẹ̀, tèmi ni."